Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹ má tìtorí nọ́ńbà gàgàrà náwó dànù

Ìbéèrè kan wà tí ó ti di ìbéèrè gbogbo ènìyàn. Olùdásílẹ̀ iléèwé aládàáni ń béèrè rẹ̀, lọ́yà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ń béèrè rẹ̀, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì àti akọ̀wé mọ́ṣáláṣí náà kò gbẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ mọ̀ ni pé, kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí gbogbo wa ń pè ní lápútọ́ọ̀pù, tí a fẹ́ fi máa tẹ lẹ́tà, tí a fẹ́ fi máa ṣírò owó oṣù, tí a fẹ́ fi máa gba ímeèlì, tí kì í ṣe pé a fẹ́ fi ṣe fíìmù, báwo ni àyè ìpamọ́ inú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Ìdáhùn mi kì í gùn. 256GB ni, kí ó sì jẹ́ SSD. Ẹni tí kò bá ní sùúrù lè pa ìwé ìròyìn dé níbí, kí ó gba ọjà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni ọlọ́jà kò ní lè fi ọ̀rọ̀ dídùn yí lérò padà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a jọ tú u palẹ̀.

Bí ẹ bá dé Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, ọjà tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí Computer Village, ẹ ó rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọ ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà ni àwọn ọmọkùnrin tí ń tajà yóò máa dà sí yín létí. "Ẹ̀gbọ́n, wáǹ tẹ́rà rèé o! 256 tí ẹ mú dání yẹn kò lè tó yín." Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ọjà ṣe dára tó, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka kóńgò ìrẹsì. Ohun tí ó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn fi lápútọ́ọ̀pù tí ó dára sílẹ̀ nìyẹn, tí yóò lọ gbé èyí tí yóò máa wọ́ bí ìgbín mọ́ ọn lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́rin. Owó kò sì sí nílẹ̀ mọ́ tí a óò máa fi ṣe irú ìnákúnàá bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, ti jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí wọn yóò máa ṣẹ́ náírà sí dọ́là, gbogbo ohun tí ó ń ti òkè òkun wọlé ni owó rẹ̀ ti fò sókè. Nígbà tí ọdún 2025 sì ń lọ sópin, RAM àti SSD tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n káàkiri àgbáyé, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tí ń kó ẹ̀rọ AI jọ ń rà wọ́n ní ràgàjì. Ẹni tí ó bá ra àyè tí kò nílò ní irú àkókò yìí, owó gidi ni ó sọ nù.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ni nọ́ńbà méjì tí wọ́n máa ń so pọ̀. Ọlọ́jà á ní "8, 256", ẹni tí ń rà á á mi orí bí ẹni pé ó ti yé e. 8 yẹn ni RAM, 256 ni àyè ìpamọ́, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé GB ni wọ́n fi ń wọn àwọn méjèèjì. Ẹ wo ìyá tí ń ta ata ní Mile 12. Àtẹ tí ó pa ọjà sí níwájú rẹ̀ ni RAM: ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń wà, ibẹ̀ ni ó ti ń dá oníbàárà lóhùn, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, yóò palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́, àtẹ á ṣófo. Yàrá tí ó ń ti àpò ata mọ́ ni àyè ìpamọ́: ilẹ̀ ìbáà ṣú, iná ìbáà lọ, ohun tí ó bá kó síbẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀ lọ́la. Bí àtẹ bá kéré jù, yàrá tí ó fẹ̀ bí pápá kò lè mú kí ọjà yá. Nítorí ìdí èyí, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá lé díẹ̀, kí ó fi sún RAM láti 8GB dé 16GB ná, kí ó tó ronú àtifi kún àyè ìpamọ́. Èyí tí RAM rẹ̀ bá jẹ́ 4GB, ẹ má dá a lóhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB yẹn ni Microsoft kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó kéré jù tí Windows 11 lè gbà.

Ó yá, báwo ni ẹrù tí à ń kó sínú yàrá yìí ṣe ń wúwo tó? Lẹ́tà kan ṣoṣo, irú "a" tàbí "b", báìtì kan ni ó ń gbà. Ẹgbẹ̀rún báìtì ni KB, ẹgbẹ̀rún KB ni MB, ẹgbẹ̀rún MB ni GB, ẹgbẹ̀rún GB ni TB tí àwọn ọmọ ọjà ń pè ní tẹ́rà. (Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èdè wa, ẹ gbọ́ èyí: "ẹ́" tiwa, tí ó ní àmì lórí tí ó tún ní àmì nísàlẹ̀, báìtì márùn-ún ni ó sábà máa ń gbà, níbi tí "e" àwọn òyìnbó ti ń gba ẹyọ kan. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn kẹ́wọ́ láti máa kọ Yorùbá láìsí àmì o, nítorí ẹ ó rí i láìpẹ́ pé kò tó nǹkan kan.) Lẹ́tà olójú-ewé kan tí a fi Word tẹ̀, tí kò ní àwòrán nínú, kì í sábà ju 50KB lọ. Bíbélì látòkèdélẹ̀, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ lásán, kò lè dé 10MB, bí a tilẹ̀ fi gbogbo àmì ohùn sí i. Ìyẹn ni pé ọgọ́rùn-ún Bíbélì yóò wọ inú ẹyọ GB kan, àyè yóò sì ṣẹ́ kù.

Ẹ wá mú akọ̀wé kan tí ń tẹ ogún lẹ́tà lóòjọ́, tí ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní 250 ọjọ́ lọ́dún. Lẹ́tà 5,000 nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba 50KB, 250MB ni gbogbo wàhálà rẹ̀ fún odindi ọdún kan. Bí ó bá ṣe é fún ọdún márùndínlógójì tí òfin iṣẹ́ ìjọba là kalẹ̀, títí wọ́n fi ṣe ìdágbére fún un tí wọ́n fún un ní aago ara ògiri, gbogbo ohun tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ láyé kò ní dé 9GB. Ẹni tí ó bá wá sọ fún yín pé iṣẹ́ ọ́fíìsì nílò 1TB nítorí pé "fáìlì pọ̀", ẹ bi í pé fáìlì wo.

Kí ni ó wá ń kún inú kọ̀ǹpútà? Àwòrán ni, fídíò ni, ìwé tí a fi ẹ̀rọ yà ni, àti Windows fúnra rẹ̀. Fọ́tò kan tí a fi fóònù òde òní yà lè jẹ 3MB tàbí 5MB, ìyẹn tó ọgọ́ta lẹ́tà ó kéré tán nínú ìṣirò tí a ṣe lókè yẹn. Fídíò ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tí ó mọ́ dáadáa lè jẹ 100MB. Ojú ewé kan tí a yà sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ lè ju 1MB lọ, nítorí náà ìwé ẹjọ́ olójú-ewé ọ̀ọ́dúnrún tí lọ́yà yà tì lè wúwo ju lẹ́tà tí akọ̀wé rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Ti WhatsApp tilẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn kan á ṣí i sórí lápútọ́ọ̀pù ọ́fíìsì, gbogbo ìwàásù, gbogbo àsọtẹ́lẹ̀, gbogbo fídíò òde àríyá tí ẹgbẹ́ ìdílé bá fi ránṣẹ́, wọn á máa rọ́ wọ inú ẹ̀rọ náà bí omi òjò. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí fídíò ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá gba àyè nínú rẹ̀ ju iṣẹ́ ọ̀gá lọ.

Ṣùgbọ́n olórí àlejò inú ilé náà ni Windows. Nígbà tí Microsoft gbé Windows 11 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé àyè ìpamọ́ kò gbọdọ̀ kéré sí 64GB. Ẹ kíyè sí i, ohun tí kò gbọdọ̀ kéré sí ni wọ́n sọ, wọn kò sọ pé ìyẹn tó. Oúnjẹ tí kò jẹ́ kí ènìyàn kú kọ́ ni oúnjẹ àjẹyó. Lẹ́yìn tí Windows bá ti jókòó tán, yóò tún ya nǹkan bí 7GB sọ́tọ̀ fún àtúnṣe tí ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Yóò ya òmíràn sọ́tọ̀ fún ìgbà tí ẹ bá pa á dé láìpa iná rẹ̀. Bí àtúnṣe ńlá bá sì wọlé, yóò tọ́jú èyí àtijọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá bóyá ẹ ó fẹ́ padà sẹ́yìn. Word, Excel àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, Microsoft ní kí a ya 4GB sílẹ̀ fún wọn. Ẹ fi ohun èlò ìtẹ̀wé kún un, ẹ fi ti ìṣirò owó kún un, ẹ fi èyí tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì kún un.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú ọwọ́ tí kò háwọ́. Fún Windows àti gbogbo ohun tí ó ń yà sọ́tọ̀ ní 45GB. Fún àwọn ohun èlò iṣẹ́ ní 15GB. Lẹ́tà ọdún márùndínlógójì, 9GB. Ìwé tí a yà, 40GB. Fọ́tò àti palapàla WhatsApp, 25GB. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 134GB. A tún gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ lófìfo, nítorí SSD tí ó bá kún dé ẹnu a máa lọ́ra, Windows tí kò bá sì rí àyè mí a máa dàrú. Bí a bá fi ìyẹn náà kún un, a kò ní tíì dé 190GB. Ibi tí 256GB mi ti wá nìyẹn. 128GB ń kọ́? Yóò gba ẹni tí ó mọ bí a ti ń gbálẹ̀ inú ẹ̀rọ rẹ̀ lóṣooṣù, tí kì í ya ìwé, tí kì í gba fídíò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. 512GB yẹ fún lọ́yà tí ń ya gbogbo ìwé ẹjọ́, fún ayàwòrán-ilé, fún oníṣirò owó tí ń tọ́jú ìwé oníbàárà púpọ̀. 1TB, kí àwọn tí ń gé fídíò máa bá a lọ.

64GB ni mo fẹ́ kí ẹ sá fún. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà tí mo mọ̀ dáadáa. Ẹgbẹ́ náà kò tóbi, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò ju ọgọ́sàn-án lọ, olùkọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Inú ìwé ńlá ni wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ owó tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó ní kí àwọn náà bá ayé lọ, tí wọ́n fi ra lápútọ́ọ̀pù tuntun kan, pẹlẹbẹ, tí ó wu ojú, tí owó rẹ̀ sì rọjú. 64GB ni. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, àwọ̀ pupa ti yọ níbi tí Windows ti ń fi àyè tí ó ṣẹ́ kù hàn. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, àtúnṣe tuntun dé, kò rí ibi wọ̀ sí. Òwúrọ̀ ọjọ́ gbogbo ni ẹ̀rọ náà ń gbìyànjú, tí ó ń já kulẹ̀, tí ó tún ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, títí ó fi kọ̀ tí kò tàn dójú ewé mọ́. Akọ̀wé gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ yẹn kò béèrè bóyá nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Ó fọ́máàtì rẹ̀, ó fi Windows mìíràn sí i, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dá a padà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ geere.

Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti dà kọ sínú rẹ̀, ta ni ó san, ta ni ó yá, èlé ta ni ó kù, gbogbo rẹ̀ ti wọgbó. Èyí tí ó wà nínú ìwé ńlá kò kọjá ọdún tí wọ́n pa ìwé ńlá tì. Káàdì ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi tún un kó jọ fún odindi sáà iléèwé kan, ẹni tí káàdì rẹ̀ sì ti sọ nù ní ohun tí òun san ju ohun tí akọ̀wé rántí lọ. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń kọ́ni nínú ọgbà kan náà kò kí ara wọn mọ́ títí di òní. Owó tí wọ́n ní àwọn fi pamọ́ nígbà tí wọ́n ra 64GB, ẹ lọ fi wé ìyẹn.

Irú àyè ìpamọ́ tí ó sábà máa ń wà nínú àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí ni eMMC. Wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ náà ni, bí ó bá kún, kò ṣeé yọ, kò ṣeé pààrọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí eMMC lára ìwé ọjà, ẹ gbé e padà sórí tábìlì. Àwọn Chromebook tòkúnbọ̀ náà, púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ 32GB tàbí 64GB, gbogbo wọn ni ó sì ní ọjọ́ tí Google yóò dáwọ́ àtúnṣe wọn dúró.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni ti àyè tí ó "dín". Ènìyàn á ra 256GB, á délé, Windows á kọ 238GB sí i, á padà lọ di ọlọ́jà mú lọ́rùn ẹ̀wù. Ọlọ́jà kò jẹ̀bi. Àwọn tí ń ṣe é ń ka ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ní 1,000, Windows sì ń kà á ní 1,024, bí ìgbà tí kóńgò ọjà kan ga ju ti ọjà kejì lọ. Ọjà kan náà ni, òṣùwọ̀n ni ó yàtọ̀. Bí ẹ bá ra 512GB, 476 ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá ra 1TB, 931 ni. Oníjìbìtì gidi wà níbòmíràn. Òun ni ẹni tí ń ta fíláàṣì tí wọ́n kọ "2TB" sí lára ní iye tí kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti kọ́ fíláàṣì náà ní irọ́ láti inú wá: bí ẹ bá kì í bọ kọ̀ǹpútà, yóò sọ pé 2TB ni òun; ẹ ó máa kó ẹrù sí i, yóò máa gbà á; nígbà tí ohun tí ó ní gan-an bá sì kún, yóò máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí fáìlì ni ẹ ó tó mọ̀ pé òfìfo ni ẹ dì sínú àpò. Ohun èlò kan wà tí wọ́n ń pè ní H2testw, ọ̀fẹ́ ni, òun ni a fi ń mú irú irọ́ bẹ́ẹ̀.

SSD tí mo tẹnu mọ́ ńkọ́? Ní ọdún 1956 ni iléeṣẹ́ IBM kọ́kọ́ gbé háàdì dísìkì jáde, èyí tí wọ́n pè ní 350, tí ó ń bá kọ̀ǹpútà RAMAC ṣiṣẹ́. Àádọ́ta abọ́ irin tí ń yí ni ó wà nínú rẹ̀, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún péré ni ó sì lè gbà, bóyá ni Bíbélì kan yóò fi wọ̀ ọ́. Ó ti kéré di ohun tí ń wọ àpò ẹ̀wù báyìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àtijọ́ yẹn náà ni: abọ́ ń yí ní 5,400 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, apá kan sì ń sáré kiri lókè rẹ̀ láti kà á. Ẹ gbé irú èyí sínú dánfó tí ń ja kòtò láti Ọ̀tà dé Ìyánà-Ìpájà, ẹ tún jẹ́ kí ó bọ́ lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹ́ kù. SSD kò ní ohun kan tí ń yí nínú. Èyí tí ó lọ́ra jù nínú wọn ń gbé nǹkan bí 500MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tí háàdì dísìkì lápútọ́ọ̀pù ti ń gbé nǹkan bí 100MB. Èyí ni ó fà á tí lápútọ́ọ̀pù oní-256GB SSD fi ń tàn kí ẹ tó fa àga jókòó, tí èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ 1TB háàdì dísìkì yóò ṣì máa yí, tí ẹ ó ti jẹ ògì àti àkàrà tán. Ẹni tí ó bá ti ní tòkúnbọ̀ oní-háàdì dísìkì 500GB nílẹ̀, kò nílò láti sọ ọ́ nù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n yọ ọ́, kí ó fi SSD 256GB rọ́pò rẹ̀, kí ó sì ra ilé kékeré fún háàdì dísìkì àtijọ́ náà kí ẹ máa fi tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín. Kí ẹ tó náwó lé e lórí, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ̀rọ náà lè gba Windows 11, nítorí pé láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ni Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹyìn Windows 10 dúró. Bí ó bá jẹ́ Intel ni ó wà nínú rẹ̀, ìran kẹjọ sókè ni ó sábà máa ń gbà.

Àwọn kan nínú àwọn tí ń gbani nímọ̀ràn láti Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba máa ń sọ pé àyè kékeré náà tó, nítorí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ ènìyàn ń kó ẹrù rẹ̀ sí nísinsìnyí. Òótọ́ ni fún wọn. Iná wọn kì í sábà lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn kì í sì í sábà ka ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní apá etíkun Ivory Coast. Láti ibẹ̀ dé Gánà dé ọ̀dọ̀ wa, báńkì dúró, íntánẹ́ẹ̀tì wọ́lẹ̀, ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè níbẹ̀ ń wo ojú ọ̀run. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tún fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi ohun tí ó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ìpè àti dátà pa pọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa fáìlì kan wálẹ̀, owó ni ẹ ń san. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n sì ń fúnni níbẹ̀ kò pọ̀: 15GB ni ti Google, ímeèlì àti fọ́tò yín ni yóò sì jọ pín in, 5GB ni ti OneDrive, Windows 11 lè ti máa kó ìwé yín lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fura, títí yóò fi kún, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, inú ẹ̀rọ ni kí ilé iṣẹ́ wà, kí orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ilé kejì.

Mo sì fẹ́ kí ilé kejì yẹn wà, pẹ̀lú ẹ̀kẹta. Kò sí bí àyè ìpamọ́ ṣe lè tóbi tó tí kò lè bàjẹ́, tí olè kò lè gbé lọ, tí kò lè bọ́ sómi. SSD ní ìwà burúkú kan pàápàá: háàdì dísìkì a máa ké kí ó tó kú, òun lè dákẹ́ lójijì. Nítorí náà, owó tí ọlọ́jà fẹ́ kí ẹ fi sún 256GB dé 1TB, ẹ fi ra háàdì dísìkì àtòde-kì-bọ̀ ọ́, kí ẹ máa da iṣẹ́ yín kọ sínú rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì, kí ó má sì sùn sínú yàrá kan náà pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù. Àkọsílẹ̀ owó àti orúkọ àwọn ènìyàn kò tó 5GB ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Ẹ fi ẹ̀dà ìyẹn nìkan sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ká ní akọ̀wé alájẹṣẹ́kù wa ní fíláàṣì 16GB kan péré tí kò purọ́, àwọn olùkọ́ méjì yẹn ì bá ṣì máa jọ jẹun.

Bí ẹ bá wá dé ọjà, ẹ má jẹ́ kí ẹnu dídùn ọlọ́jà nìkan jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ ní kí ó tan ẹ̀rọ náà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí ẹ wo abẹ́ Performance. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i kedere bóyá SSD ni tàbí HDD, ẹ ó sì rí iye RAM. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ System, ẹ wọ Storage, kí ẹ rí i bóyá 238 ni ó kọ síbẹ̀ tàbí nǹkan mìíràn. Bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ ní kí ó fi CrystalDiskInfo hàn yín bí ìlera SSD inú rẹ̀ ṣe kù sí. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ béèrè bóyá àyè ìpamọ́ náà ṣeé yọ pààrọ̀. Bí ẹ bá bá fáìlì ẹlòmíràn nínú rẹ̀, irú èyí tí ó ní orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà wọn, ẹ jẹ́ kí ó pa á rẹ́ níṣojú yín, kí ẹ sì rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ta tiyín, nítorí òfin ààbò dátà tí a ní láti ọdún 2023 kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà tí kò bá fẹ́ kí ẹ tan ẹ̀rọ wò kí ẹ tó sanwó, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.